Nínú Ègbè, Àṣìṣe Kì Í Hàn: Ọjọ́ Mẹ́rin Níbi Àjọ̀dún Orin ní Wales

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Èmi náà rìn jìnnà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo sì rí ohun tí n kò yé rò láti ìgbà náà. Inú pápá tó kún fún ẹrẹ̀ ni mo ti rí i, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Wales, níbi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti sùn sínú àgọ́ fún òru mẹ́rin nítorí orin.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé: “Kí ni ẹni tó ń pariwo èdè Yorùbá káàkiri ń wá lọ sí ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ta gìtá nínú òjò?” Ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì fi ọ̀kan ta mí lọ́rẹ. Ọmọ Yorùbá ni òun náà. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ. N kò bi í rí pé kí ló fà á. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n.

Green Man ni orúkọ àjọ̀dún náà. Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn. Ní báyìí, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ló ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Láti 2006 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Glanusk, nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Crickhowell, létí odò Usk. Ọjọ́bọ̀ ni eré ń bẹ̀rẹ̀, ó di òru ọjọ́ Àìkú kí ó tó parí. Pèpéle tó tóbi jù lọ kọ ẹ̀yìn sí òkè, bẹ́ẹ̀ ni pápá tí èrò ń dúró sí rọra dagun níwájú rẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá fi lè rí olórin láì na ọrùn.

Irú orin tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní indie. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ ìlù tàbí ijó kan. Òmìnira ló ń tọ́ka sí. Àwọn olórin tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo-orin ńláńlá, tí wọ́n ń fi owó ara wọn tàbí ti ilé-iṣẹ́ kéékèèké gbé àwo jáde, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kìíní 1980, wọ́n ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ní àtòjọ títà àwo tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì ni èyí jẹ́ fún wa. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, àti I.K. Dáíró, àgbà olórin jùjú, dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo-orin tí àwọn olórin fúnra wọn ni. Lóde òní, Beautiful Nubia ń gbé orin rẹ̀ jáde lábẹ́ EniObanke, tí í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti àjọ̀dún ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni, ọjọ́ méjìlá gbáko ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń gbà. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí mo bá pàdé ní Glanusk, àgọ́ àti bàtà òjò nìkan ni mo lè pè ní tuntun sí mi.

Ojú ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe wọ ilẹ̀ Wales, gbogbo pátákó ojú títì di elédè méjì: Gẹ̀ẹ́sì àti Cymraeg, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Welsh. Nígbà tí mo dárúkọ àwọn òkè tó wà níwájú wa ní Brecon Beacons, ọ̀rẹ́ mi tó ń wakọ̀ ní orúkọ náà ti yí padà. Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2023, oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ìrìn-àjò wa, àwọn aláṣẹ ọgbà orílẹ̀-èdè tó yí àwọn òkè náà ká kéde pé Bannau Brycheiniog ni àwọn yóò máa pè é. Àwọn ṣóńṣó òkè ilẹ̀ Brychan ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọba kan láyé àtijọ́ ni Brychan. Mo gbìyànjú láti pe orúkọ náà, ahọ́n mi kọ́. Síbẹ̀, mo ń rò ó bí a ṣe ń lọ pé Èkó ni ìlú tí a ń pè ní Èkó lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn Potogí fún un ni a fi ń kọ ìwé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú wa mọ́. Ó ti mọ́ wa lára ni.

Nígbà tí a pa àgọ́ tán tí a sì dé iwájú pèpéle, bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́ orin ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ní òde àríyá tiwa, olórin mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Yóò kì í, yóò ki baba rẹ̀, yóò ki ìyá tó bí i lọ́mọ, owó yóò sì máa lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí. Olórin àti èrò jọ ń dá ara wọn lóhùn ni. Ní Glanusk, olórin kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́mọdé kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí yóò gun orí pèpéle kékeré, igba ènìyàn yóò sì dúró nínú ẹrẹ̀ láti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ́kọ́ pè é ní òde tó tutù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé ọ̀wọ̀ kan wà nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Wọ́n ń ya etí sílẹ̀ fún ẹni tí kò tí ì dá ṣáṣá, kí ó lè ráyè dá ṣáṣá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìjì tí wọ́n sọ ní Betty dé. Ẹni tí kò bá sùn sínú àgọ́ rí nígbà tí ìjì ń jà kò lè mọ bí aṣọ ṣe ń kébòsí. A padà sínú àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán, a jókòó sórí àpò ìsùn wa, a rẹ gaàrí pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà, a sì gbé iná kékeré kan sáàárín. Bóyá gaàrí ló fà á, bóyá òjò ni, n kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi dédé bi mí bóyá mo rántí ìkómọ kan tí a jọ lọ ní Lewisham, ní ọdún kejì tí a mọra.

Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí ó gbé ìyá àgbà kan délé. Ó tọ ìyá náà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó sì fi Yorùbá sọ pé, “Mà, ọkọ mi wà níta.” Ọkọ̀ ló fẹ́ sọ, ọkọ ló jáde. Ilé ya fún ẹ̀rín. Ẹnìkan pariwo pé kí wọ́n ní kí ọkọ náà wọlé wá jẹun, kí ebi má pa á níta. Ẹlòmíràn béèrè ìgbà tí ìgbéyàwó wáyé.

“Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù,” ni ọ̀rẹ́ mi wí nínú àgọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. “Àwọn yòókù, n kò mọ̀ wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ti ń fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti pàdé, nítorí mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti lè kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi dé.”

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí òun kò mọ̀ burú ju èyí tó mọ̀ lọ. Fún ọdún mẹ́jọ gbáko, mo ti fi ìtàn yẹn kọ́ àwọn ènìyàn ní àmì ohùn. N kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ìtàn náà nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ fi hàn pé ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó ti pẹ́. Kò sọ pé ó ti tán. Òjò ń rọ̀ lu àgọ́ wa títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn yọ, a sì dúró níwájú pèpéle kékeré kan níbi tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti ń kọrin ní Cymraeg. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú èrò tó dúró tì wá kò gbọ́ ọ, mo rí i lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ègbè bá dé, gbogbo wọn ń gbè é. Obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ pupa rúsúrúsú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọ̀rẹ́ mi bi í bóyá èdè abínibí rẹ̀ ni. Ó ní rárá. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń sọ ọ́, kò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, òun náà ti lé ní ogójì ọdún kí òun tó lọ kọ́ ọ. Ó ní àṣìṣe òun pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó wá fi ẹ̀rín sọ òwe kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń pa: *Gwell Cymraeg slac na Saesneg slic.* Cymraeg tó mẹ́hẹ sàn ju Gẹ̀ẹ́sì tó dán gbinrin lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó yíjú wò mí. Èmi sì ń wo bàtà òjò tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òwe náà ti ń bọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Wales, wọ́n a máa fi igi kan kọ́ ọmọ tó bá sọ Cymraeg lọ́rùn kí ojú lè tì í. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, mo mọ̀ pé ẹ ò ní bi mí pé báwo ni ìyẹn ṣe ṣe é ṣe. Ní oṣù kejì 1962, òǹkọ̀wé Saunders Lewis sọ lórí rédíò pé bí nǹkan bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, èdè náà kò ní jẹ́ èdè alààyè mọ́ nígbà tí ọ̀rúndún kọkànlélógún bá fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ajìjàgbara èdè Cymraeg sílẹ̀. Ní 1969, ọdún kan náà tí Haruna Ìṣọ̀lá àti Dáíró dá Star Records sílẹ̀, Dafydd Iwan àti Huw Jones wà lára àwọn tó dá Sain sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo-orin tó gbájú mọ́ Cymraeg. Ní 1982, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tiwọn, S4C. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ olórin Super Furry Animals gbé *Mwng* jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tiwọn, Cymraeg ni gbogbo orin inú rẹ̀, ó sì dé ipò kọkànlá lórí àtòjọ àwo tó tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gwenno, ọmọ ìlú Cardiff, tilẹ̀ gbé àwo kan jáde ní 2018 tí gbogbo orin inú rẹ̀ jẹ́ èdè Cornish, èdè tí àwọn ènìyàn ti kà sí òkú tẹ́lẹ̀ rí.

N kò ní tan yín jẹ. Orin nìkan kò gba èdè là. Nínú ìkànìyàn 2011, nǹkan bí 562,000 ènìyàn ló sọ pé àwọn ń sọ Cymraeg. Ní 2021, ó ti wá sílẹ̀ sí 538,300. Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni èdè ń gbé, ohunkóhun kò lè gba ipò wọn. Ẹlòmíràn yóò tún sọ pé Yorùbá kò sí nínú ewu kankan, nítorí gbogbo àwọn tó ń sọ Cymraeg kò tó ìdámẹ́ta àwọn tó ń gbé Ìbàdàn nìkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé ńlá kò ní kí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta má ṣòfò. Ọ̀rẹ́ mi wà níta fún ọdún mẹ́jọ, èmi tí mo pe ara mi ní olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èrò mi rèé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Àwa tí a fẹ́ràn èdè yìí ju àwọn yòókù lọ, àwa gan-an ni a máa ń dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. N kò sọ pé kí a jẹ́ kí èdè bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé n kì í fi àmì ohùn ṣeré: ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yàtọ̀ sí ẹ̀sín. Ẹni tí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yóò tún un sọ. Ẹni tí a fi ṣe ẹ̀sín yóò dákẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún wa ti le jù, a sì ti gbàgbé pé a ní ọwọ́ òsì.

Ìdí tí mo fi gbà pé orin ṣe pàtàkì nìyí. Nínú ègbè, àṣìṣe kì í hàn. Ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú lè fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sínú ohùn igba ènìyàn, yóò sì máa gbè é títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ni ojú ń tì láti kí ìyá wọn àgbà lórí fóònù, síbẹ̀ wọ́n mọ àwọn orin Yorùbá inú àwo àkọ́kọ́ tí Àṣá gbé jáde ní 2007 lórí. Yorùbá ti wà lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Bí ẹnìkan bá ṣi ohùn pè, ẹ fi èsì tí ohùn rẹ̀ tọ́ dá a lóhùn, ẹ má ṣe pe èrò wá wò ó. Bí ọ̀dọ́mọdé kan bá ń kọrin ní Yorùbá, ẹ gbọ́ ọ dé òpin, kódà bí gìtá ló fi ń kọ ọ́ tí kò sí gángan níbẹ̀. Ẹ sì mú orin kan tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi ara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ẹ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní òru ọjọ́ Àìkú, wọ́n dáná sun ère ńlá kan tó dúró fún Ọkùnrin Aláwọ̀ Ewé tí àjọ̀dún náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gbogbo èrò sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a di ẹrù wa, a gbé e dé pápá tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì la ẹnu.

“Ọkọ́ wa dà?”

Ọkọ́ tí a fi ń roko. Mo gbé ẹrù mi sọ́wọ́ kejì.

“Ọkọ̀ wa nìyẹn,” ni mo wí, “lábẹ́ igi tó wà lọ́hùn-ún.”

“Ọkọ̀,” ni òun náà wí, ó fa ohùn wálẹ̀ dáadáa. A sì lọ gbé ẹrù wa sínú rẹ̀.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má sì gbàgbé àmì ohùn kankan. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti fi ẹ̀rín pa lẹ́nu mọ́ rí, àbí ta ló ti pa yín lẹ́nu mọ́? Ó dìgbà kan ná. Ire o.